Ọjọ́ Tí Ẹ Ń Yan Yunifásítì Lẹ Ń Yan Sìkọ́láṣípù: Ìkìlọ̀ fún Àwọn Òbí ní Onitsha

Bí JAMB bá ti ṣí ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn ọmọ a máa tò rẹrẹẹrẹ síwájú àwọn ibùdó CBT ní Onitsha. Ọmọ á wọlé, ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà á bi í pé yunifásítì wo ló ń lọ, ọmọ á dárúkọ èyí tó wà lẹ́nu gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó tán. Nǹkan tí òbí máa fi ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà sanwó lé lórí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi pinnu rẹ̀. Ó di ìgbà tí orúkọ ọmọ bá jáde, tí ilé-ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n wá sanwó, kí bàbá tó máa káàkiri, kó máa bèèrè bóyá sìkọ́láṣípù kan wà tí ọmọ òun lè gbà. Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti kọ sílẹ̀ ti dí ọ̀nà púpọ̀ nínú wọn mọ́ ọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀ nìyẹn. Yíyan ilé-ẹ̀kọ́ àti wíwá sìkọ́láṣípù, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, tó ní kí ọmọ wọlé ná, pé owó á tẹ̀lé e, ó ti sọ apá tó pọ̀ jù nínú àǹfààní ọmọ rẹ̀ nù kí ọmọ náà tó ṣe ìdánwò.

Ẹ wo sìkọ́láṣípù MTN Foundation, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó ti dé ọdún kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni wọ́n ń fún, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ, CGPA rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 3.5 nínú 5. Wọ́n ya ti àwọn ọmọ tí kò ríran sọ́tọ̀. Ẹ tún ka àwọn àdéhùn náà wò. Ọmọ tó lọ sí yunifásítì aládàáni ti bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ṣùgbọ́n tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn tí kì í ṣe sáyẹ́ǹsì náà ti bọ́ sílẹ̀. Èyí tó kù, tí bàbá rẹ̀ fi agídí tì sínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, tó ń fi 2.9 rákò láti ọdún dé ọdún, òun náà kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ọmọ lè tayọ nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń gba 4.3 nínú ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn, owó ń wá a kiri. Ọmọ tó ń jìjàkadì nínú ìmọ̀ ìṣègùn nítorí pé ìyá rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ìyá dókítà, òbí ni yóò máa sanwó rẹ̀ títí yóò fi parí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ epo náà ń fún ọmọ ní sìkọ́láṣípù pẹ̀lú àjọṣe NNPC. Chevron ní tirẹ̀, TotalEnergies ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí, ọmọ tó ti wọ yunifásítì tán ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà àtiwọlé. Nítorí náà, òbí tó bá rò pé kò sí nǹkan kan fún ọmọ òun lọ́dún àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ̀rètí nù. Kó rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ọmọ wà kò ní yọ ọ́ kúrò nígbà tí àkókò bá tó.

Mo fẹ́ yà sí ọ̀rọ̀ NELFUND díẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní sìkọ́láṣípù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin tó gbé e kalẹ̀. Kò ní èlé, wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún yunifásítì, wọ́n sì ń fún ọmọ ní 20,000 náírà lóṣù fún ìnáwó. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá parí NYSC ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Ìrànwọ́ gidi ni, mi ò sì ní kí ẹni tí kò ní má yá a. Àmọ́ gbèsè ni, orúkọ ọmọ ló sì wà lára ìwé. Àwọn ọmọ yunifásítì aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Ní àyíká Onitsha, UNIZIK ní Awka jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, yunifásítì Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu tó wà ní Igbariam àti Uli jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Anambra. Madonna ní Okija, Tansian ní Umunya àti Paul University ní Awka jẹ́ ti aládàáni. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọmọ lọ sí ti aládàáni. Ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni nílẹ̀ yìí ló ń fún ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga ní ẹ̀dínwó ńlá, òmíràn tilẹ̀ ń fún un ní ọ̀fẹ́ pátápátá. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni bí òbí ṣe ń ka lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́. Oníṣòwò tó ń ra aṣọ ní Main Market kì í wo ojú aṣọ nìkan, á tú u dé inú, á wọn ọ̀pá rẹ̀. Lẹ́tà sìkọ́láṣípù náà fẹ́ kí wọ́n tú u bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní yunifásítì kan ń gba mílíọ̀nù 2 náírà fún owó ẹ̀kọ́, wọ́n sì kọ̀wé sí ọmọ yín pé àwọn fún un ní sìkọ́láṣípù ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú ilé á dùn, wọ́n á gbé e lọ han pásítọ̀. Bàbá á ṣírò, á ní mílíọ̀nù 1 ló kù fún òun láti san. Ẹ padà sídìí lẹ́tà náà. Orí owó ẹ̀kọ́ nìkan ni ẹ̀dínwó náà bá. Owó ibùgbé kò sí níbẹ̀, oúnjẹ kò sí níbẹ̀, ìwé, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, owó yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, owó ìdàgbàsókè, gbogbo rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí gbogbo ìyẹn bá jẹ́ mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ ni bàbá máa wá lọ́dún kan pẹ̀lú sìkọ́láṣípù lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí kò fún ọmọ náà ní kọ́bọ̀ lè má gbà tó ìdajì rẹ̀.

Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́. Ṣé gbogbo ọdún ni wọ́n fún un ni àbí ọdún àkọ́kọ́ nìkan? CGPA mélòó ni ọmọ gbọ́dọ̀ dì mú kó má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá kọ 4.5 sílẹ̀, 4.48 kò ní tó fún un. Bí ọmọ bá ṣàìsàn tó sì ní láti dúró ní sáà kan ńkọ́? Bó bá yí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ padà ńkọ́? Bí wọ́n bá fi owó kún owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún kejì, ṣé sìkọ́láṣípù náà á ròkè tẹ̀lé e? Ẹ kọ àwọn ìbéèrè yìí sínú ìwé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì alákòóso ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu akọ̀wé tó wà níbi káńtà kò tó. Akọ̀wé náà lè ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí ọmọ yín bá máa dé ọdún kejì.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó kan àwa Yorùbá tó ń gbé ìlú yìí gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni wọ́n bí sí Fegge tàbí Odoakpu, tí wọ́n gbọ́ Igbo ju Yorùbá lọ, tí wọn ò mọ̀ ju Onitsha lọ. Lójú JAMB, ìpínlẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti wá. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ a máa pín àyè ìgbàwọlé sí mẹ́ta. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga jù láti ibikíbi ní Nàìjíríà, ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, ìdá 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ẹ̀kọ́ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tó dàgbà sí Onitsha tó bá mú UNIZIK, inú ìdá 45 yẹn nìkan ló ti lè wọlé. Bó bá mú Yunifásítì Ìbàdàn tàbí OAU ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún un. Èyí kò ní kí ọmọ má mú UNIZIK o. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga gan-an, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tó sún mọ́lé sì ń dín owó ọkọ̀ àti oúnjẹ kù. Ẹ kàn mọ̀ ọ́n kí ẹ tó yàn án ni.

Bọ́sárì àti sìkọ́láṣípù ìjọba ìpínlẹ̀ náà, ọmọ ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń fún. Ti Anambra kò sí fún ọmọ Ọ̀ṣun, bó ti wù kó pẹ́ tó níbí. Ti Ọ̀ṣun wà fún un, bí ó bá ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó pàdánù owó nítorí pé ìwé kan ṣoṣo yìí kò sí nílé, tí gbèdéke sì ku ọjọ́ díẹ̀, tí bàbá kò lè fi ọjà sílẹ̀ kó tó lọ gbà á nílé. Ọdún tí ọmọ bá wọ SS2 ni kí ẹ ti lọ gbà á, bóyá nígbà Kérésì tàbí Iléyá tí ẹ bá ń lọlé. Ẹ má sì ṣe gba ti ẹni tó bá ní kí ẹ san nǹkan kí òun fi orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn sí i. Àwọn tó ń fúnni lówó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, kò sì sí ibi tó yẹ kí wọ́n ti mọ èyí dáadáa ju ìpínlẹ̀ Anambra lọ. Ní ọdún 2023, ọmọbìnrin kan ní Nnewi gbé èsì JAMB jáde pé òun gba 362. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Innoson ṣèlérí sìkọ́láṣípù mílíọ̀nù 3 náírà fún un. Lẹ́yìn náà ni JAMB sọ pé 249 ló gbà. Ariwo ta káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn kan ń fi ẹ̀yà jà sí i. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Anambra gbé kalẹ̀ wádìí rẹ̀, ọmọ náà sì jẹ́wọ́ pé òun ló yí èsì náà padà. JAMB fagi lé èsì rẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò àwọn fún ọdún mẹ́ta. N kò ní dárúkọ ọmọ náà, ó ti jìyà tó. Ohun tó dùn mí jù ni pé 249 kì í ṣe máàkì tí ó yẹ kí ojú tini lé lórí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló lè gbà á wọlé pẹ̀lú rẹ̀, tí yóò sì máa lé CGPA tó dára látibẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ẹ lè gba máàkì gidi tí wọ́n bá mú wálé.

Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé JAMB fúnra rẹ̀ lè ṣàṣìṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ọ̀gá JAMB nígbà náà, sunkún níwájú àwọn oníròyìn nígbà tó ń sọ pé àṣìṣe kọ̀ǹpútà ti ba èsì àwọn ọmọ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Igbo, Anambra sì wà lára wọn. Wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Bí èsì ọmọ yín bá jìnnà púpọ̀ sí ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ fi ẹjọ́ sùn lọ́nà tó tọ́, kí ẹ sì máa tẹ́tí sí ìkéde.

Nísinsìnyí ni mo kan ọ̀rọ̀ àwọn ajẹ́ńtì, àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí pé àwọn á bá ọmọ wọn wá sìkọ́láṣípù. Kí owó ẹ̀kọ́ ọmọ máa gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lágbègbè yìí. Nnamdi Azikiwe, ọmọ Onitsha, lọ sí Amẹ́ríkà ní 1925, ojú rẹ̀ sì rí màbo nítorí owó kó tó gboyè. Ìtàn rẹ̀ ló ti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Nwafor Orizu, ọmọ Nnewi, tó dá àjọ kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa bá àwọn ọmọ Áfíríkà wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1953, ilé-ẹjọ́ ìjọba amúnisìn dá a lẹ́bi lórí owó tó lé ní 32,000 pọ́n-ùn tó jẹ́ ti sìkọ́láṣípù àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní ìṣèlú ló wà nídìí rẹ̀, òun náà sì tún gòkè títí ó fi di Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Mi ò tún ẹjọ́ náà dá. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ gba ọwọ́ ẹnì kan kọjá, nígbà tí wàhálà sì dé, kò sí bí òbí tó wà nílé ṣe lè mọ ibi tó wọlé sí.

Bí àwọn ajẹ́ńtì òde òní ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Wọ́n á ní sìkọ́láṣípù ti wà nílẹ̀, owó fọ́ọ̀mù, owó ìṣètò àti owó "ìdáàbòbò àyè" ló kù. Àkáǹtì ẹnì kan ni wọ́n á ní kí ẹ san án sí. Wọ́n á ní ọ̀la ni yóò pa dé. Ẹ má san án. MTN kì í gbowó fọ́ọ̀mù, àwọn ilé-iṣẹ́ epo kì í gbà á, àjọ tó ń rí sí sìkọ́láṣípù ìjọba àpapọ̀ náà kì í gbà á. Yunifásítì lè gba owó ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú òpó yunifásítì náà lẹ máa san án sí, tí orúkọ rẹ̀ parí sí .edu.ng bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà. Ti ìjọba ń parí sí .gov.ng. Ẹ wò ó lẹ́tà sí lẹ́tà kí ẹ tó tẹ nǹkan kan síbẹ̀.

Sìkọ́láṣípù tí wọ́n ń polówó fún Kútọnu náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan fi hàn pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní orílẹ̀-èdè Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá fífọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Sìkọ́láṣípù lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba kò mọ̀, ọdún ọmọ ló ń jẹ. Ti ìjọba sí ìjọba pàápàá, èyí tí wọ́n fi ń rán àwọn ọmọ lọ sí Rọ́ṣíà, Morocco àti Algeria lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní BEA, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Tunji Alausa kéde ní 2025 pé wọn ò ní gba ọmọ tuntun mọ́, nígbà tí àwọn tó wà níbẹ̀ ń pariwo pé owó ìnáwó àwọn kò wọlé. Ẹni tó bá ṣì ń gbà yín lówó lórí BEA, irọ́ ló ń pa.

Fún àwọn tó ń wo òkè òkun, nǹkan méjì péré. Yunifásítì mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Ivy League, Harvard, Yale, Princeton àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, kì í fún ẹnikẹ́ni ní sìkọ́láṣípù nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ pé. Àìní òbí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fúnni lówó. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun ní sìkọ́láṣípù òye ti Harvard lọ́wọ́, ẹ lé e jáde. Èkejì ni pé sìkọ́láṣípù Lester B. Pearson ti Yunifásítì Toronto ní Kánádà, tó ń san owó ẹ̀kọ́, ìwé àti ibùgbé fún ọdún mẹ́rin, ilé-ẹ̀kọ́ girama ọmọ ló gbọ́dọ̀ fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì lè fà kalẹ̀. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, ọmọ tó mọ̀wé jù ní Onitsha kò lè dé ibẹ̀. Irú àwọn sìkọ́láṣípù báyìí a máa bèèrè ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti ilé-ẹ̀kọ́ Regina Pacis nílùú yìí ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Technovation ní Kalifóníà ní 2018 pẹ̀lú áàpù tó ń dá ayédèrú oògùn mọ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ohun tí wọ́n lè fi hàn, kí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Fún Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì EducationUSA ní Èkó àti Àbújá ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ló ń pa fọ́ọ̀mù sìkọ́láṣípù dé ṣáájú fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé, nítorí náà kí ẹ bèèrè ọjọ́ méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ yín tó jókòó sí ibùdó CBT lọ́dún yìí, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ mú yunifásítì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ kọ iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, sìkọ́láṣípù tó wà níbẹ̀, àdéhùn rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa pa dé. Bí ẹ kò bá mọ ìwé kà, ọmọ yín mọ̀ ọ́n kà, ẹ jẹ́ kó kà á sókè fún yín. Ẹni tó bá sì ti san owó fún ajẹ́ńtì kan tẹ́lẹ̀, kó tọ́jú rìsíìtì àti àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, kó mú wọn lọ sí EFCC tàbí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́sẹ̀ yìí. Kó má ṣe tún fi owó kankan kún un.